Dín Ni àbí Lé Ni

Tí ẹ bá fẹ́ kí Bàbá Télọ̀ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kó wá máa jiyàn, ẹ ṣáà sọ fún un pé ọmọdé kan níwà. Á yọ gíláàsì ojú rẹ̀, á nù ún, á tún un wọ̀, á wá bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé ò níwà, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ọmọdé lè gbọ́ràn, ọmọdé lè bẹ̀rù, ọmọdé sì lè gbọ́n débi táá fi mọ̀ pé ẹni tó bá jókòó jẹ́jẹ́ ló ń rí bísíkíìtì gbà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń jẹ́ ìwà nínú gbogbo ìyẹn. Ohun téèyàn mọ̀ pé ó máa dun òun, tó sì ṣe é nítorí ẹlòmíì, òun ni bàbá ń pè ní ìwà. Ọmọ tí kò tíì mọ ọjọ́ Tuesday yàtọ̀ sí ọjọ́ Wednesday, níbo ló ti fẹ́ rí irú ẹ̀?

Oníbàtà kì í gbà fún un. Oníbàtà yìí ló ń tún bàtà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ti télọ̀, àwọn méjèèjì sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Pákó ló pààlà sáàárín wọn. Ihò kan wà lára pákó náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà bá ara wọn jiyàn láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ láìdìde lórí ìjókòó. Lọ́jọ́ kan, Oníbàtà ròyìn pé ọmọ-ọmọ òun, ọmọ ọdún márùn-ún, pín búrẹ́dì ọwọ́ ẹ̀ sí méjì, ó sì fún ọmọ aládùúgbò ní ìdajì. Télọ̀ bi í pé ta ló wà níbẹ̀. Oníbàtà ní òun ni. Télọ̀ ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ojú bàbá àgbà ló fi ṣe é. Ká ní ológbò nìkan ló ń wò ó, á jẹ búrẹ́dì náà tán, á sì pọ́n ìka lá.

Gbogbo èyí, etí Akọ̀wé ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Akọ̀wé ni ọmọ-ọmọ télọ̀, ọmọ tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo bí, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Láti ilé-ìwé ló ti máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, á gun àga gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìgéṣọ, á sì ki pẹ́ńsù bọ ẹ̀yìn etí bíi ti bàbá. Bàbá fi í joyè akọ̀wé lọ́dún tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Tí oníbàárà bá dé, bàbá á ta tépù mọ́ ọn lára, ọwọ́ rẹ̀ á wá ibi tí nọ́ńbà wà, á gbé e súnmọ́ imú, á sì pè é sókè. Akọ̀wé á kọ ọ́ sínú ìwé. Pẹ́ńsù yẹn, ńṣe ló máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bíi pé bébà náà ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin náà sì mọ òǹkà wa. Méjìlélógójì ni ogójì tí a fi méjì lé. Méjìdínlógójì ni ogójì tí a yọ méjì kúrò nínú ẹ̀. Lẹ́nu, kò ju lé àti dín lọ. Lára ṣòkòtò, ínṣì mẹ́rin ni. Gbogbo ọmọ kíláàsì ẹ̀ ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀, àwọn àgbàlagbà kan náà ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n Akọ̀wé kì í kọsẹ̀. Ó lè ka òǹkà lọ, ó lè kà á bọ̀, ó lè kà á nígbà tó ń fi ẹsẹ̀ kan fò. Kò sí ohun tó ń mú orí ẹ̀ wú láyé tó ìyẹn, kódà ó ti bú ọmọkùnrin kan nílé-ìwé ní olódo nítorí ẹ̀, ìyá ẹ̀ sì mú kó lọ bẹ ọmọ náà.

Ìyá yìí, nọ́ọ̀sì ni, òun àti ọmọ ẹ̀ àti bàbá ẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Ó fẹ́ràn bàbá ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ojú nọ́ọ̀sì wo ojú bàbá, ohun tó ń rí níbẹ̀ kò sì dùn mọ́ ọn. Láàárín ọdún kan, bàbá ti gbé ọwọ́ ọ̀tún búláúsì kan sápá òsì, ó sì ti gé kọ́là kan tó jẹ́ pé ọrùn ọmọ ìkókó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì jókòó tì í, ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níṣojú Akọ̀wé. Ó ní tí aṣọ kẹta bá bàjẹ́, kí bàbá fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, kó wá sinmi sílé. Bàbá gbà. Kí ló fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oorun kò ti fi bẹ́ẹ̀ kùn ún mọ́, nítorí kò mọ ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe látàárọ̀ dalẹ́ tí kò bá sí aṣọ láàárín wọn.

Báyìí ni Ọ̀gá Ilé-Ìwé ṣe gbé aṣọ tiẹ̀ wá. Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé tí Akọ̀wé ń lọ. Ó ga bí igi àgbọn, ó sì kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Aṣọ aláwọ̀ eérú ni. Ọdún mọ́kànlá ló fi tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí de ọjọ́ tó máa dìde dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìgbà ìkẹyìn, ilé iṣẹ́ tó hun ún sì ti kógbá sílé tipẹ́. Kò sí ìkejì ẹ̀ mọ́ níbikíbi. Bàbá wọ̀n ọ́n láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ó gbé tépù súnmọ́ imú, ó pè é, Akọ̀wé kọ ọ́.

Ní àárọ̀ Thursday tí bàbá fẹ́ gé ṣòkòtò, Akọ̀wé ti lọ sí ilé-ìwé. Bàbá ṣí ìwé, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó tún gbé e sábẹ́ iná. Kò rí nǹkan kan ju èéfín lọ. Ó ṣe é bíi kó ké sí Oníbàtà láti ojú ihò pé kó wá bá òun kà á, ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó ní lọ́kàn ara ẹ̀ pé òun tóun ń gé ṣòkòtò kí wọ́n tó bí ìyá Akọ̀wé, òun tún fẹ́ máa tọrọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́ oníbàtà? Ó rántí i. Méjì, ogójì. Ó pè é sókè lẹ́ẹ̀kan, ó dùn létí, ó sì ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ.

Nígbà tó di ọ̀sán Monday, Ọ̀gá wá dán ṣòkòtò wò. Ó jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó dúró níwájú dígí. Ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì wà níta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ewé tí ó dájú pé kò retí pé ẹnikẹ́ni máa rí lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì bá wọlé. Ó fẹ́ mú ọmọ ẹ̀ lọ sílé ni. Ó wo ẹsẹ̀ Ọ̀gá, ó wo bàbá ẹ̀. Kò bínú rárá, ìyẹn gan-an ló mú kí bàbá gbé ojú kúrò lára ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì béèrè ìwé ìwọ̀n. Bàbá ní kí Akọ̀wé mú un wá. Ọmọ náà lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì níbi tí dúrọ́ọ̀ wà, ó sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìyá ẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó jáde, ó na ìwé náà sí ìyá ẹ̀, kì í ṣe sí bàbá. Nọ́ọ̀sì kà á sókè: méjìdínlógójì. Ọ̀gá ní àgbẹdọ̀, láti ìgbà tóun ti wà ní ọmọ ogún ọdún ni gígùn ṣòkòtò òun ti jẹ́ méjìlélógójì.

"Èmi ni," Akọ̀wé wí. Ilẹ̀ ló ń wò. "Lé ni Bàbá pè. Mo rò pé dín ni wọ́n pè."

Ṣé ẹ rí i, bí èèyàn bá fẹ́ parọ́ fún gbogbo ayé, kò lè rí irọ́ tó rọrùn gbà gbọ́ ju ìyẹn lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn nọ́ọ̀sì balẹ̀ díẹ̀. Ó ní tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí kò ní jẹ́ aṣọ kẹta bàbá, ẹ̀bi ẹni tó gbé iṣẹ́ àgbà lé ọmọdé lọ́wọ́ ni, láti òní lọ kí ọmọ náà má kọ ìwọ̀n ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gba pẹ́ńsù létí ẹ̀. Ọ̀gá náà ní ìtìjú òun lèyí, pé ọmọ ilé-ìwé òun kò mọ lé yàtọ̀ sí dín, òun á sì tọ́jú ọ̀rọ̀ náà lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Lọ́jọ́ kejì, Akọ̀wé dúró níwájú kíláàsì, ó ń kọ ení, èjì títí dé àádọ́ta sójú pátákó, ọmọkùnrin tó bú lọ́jọ́sí ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Dín-àbí-Lé. Kó tó di àkókò ìsinmi, gbogbo ilé-ìwé ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Bàbá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ nípa ẹ̀, bí a ṣe fẹ́ràn ẹ̀ tó. Ara tù ú. Ó mọ̀ pé òun ò ka ìwé kankan kóun tó gé aṣọ náà, ṣùgbọ́n ó sọ fún ara ẹ̀ pé ká ní òun kà á, ohun tóun máa bá níbẹ̀ náà nìyẹn, nítorí náà kí ló tún kù láti rò? Ó dákẹ́ lórí ẹ̀. Ó kó ègé aṣọ tó ṣẹ́kù jọ, ó fi ìka wá èyí tó gùn nínú wọn, ó rán ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó sì ṣẹ́ etí ẹ̀ síta kó lè bo ojú ìrán. Ó dára débi pé Ọ̀gá rò pé àṣà tuntun ni. Bàbá tún gba ojú ihò fi ìgbéraga bá Oníbàtà sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé ó rí i bí ọmọ náà ṣe jẹ́wọ́? Ìwé wà níta, kò síbi tó fẹ́ sá sí. Ìyẹn kì í ṣe ìwà, ìbẹ̀rù lásán ni.

Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, Akọ̀wé ṣì ń wá. Kì í gun àga gíga mọ́. Orí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń jókòó sí, á máa to bọ́tìnnì dúdú sọ́tọ̀, funfun sọ́tọ̀. Bàbá ń gbọ́ tí àwọn ọmọ tó ń kọjá lọ ń ké pè é ní Dín-àbí-Lé. Akọ̀wé kò dá wọn lóhùn rí. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Wednesday, ọkùnrin kan wá wọn búbá. Bàbá fẹ́ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ó sì ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí ojú ìwé ti mọ́. Ìka télọ̀ ni. Ó lè dá òwú méjì mọ̀ yàtọ̀ nínú òkùnkùn. Ìka náà kọjá lórí ìwọ̀n Ọ̀gá tó kẹ́yìn nínú ìwé, ó dúró, ó padà. Bébà ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó hunjọ díẹ̀, bíi ibi tí wọ́n ti fi ìrésà pa nǹkan rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò dà bíi tàwọn tó kù. Bàbá yí ojú ewé sí èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀, tí kò sí ohun tí wọ́n kọ sí, ó sì fọwọ́ pa á. Ipa pẹ́ńsù wà níbẹ̀, nítorí bí ọmọ náà ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí oníbúbá lọ, bàbá mú ṣọ́ọ̀kì búlúù tó fi ń fa ìlà sórí aṣọ, ó dà á dùbúlẹ̀, ó rọra ń fi pa ojú ewé náà títí tó fi di búlúù. Ó nà án gba ojú ihò.

"Bá mi kà á," ó wí.

Oníbàtà wò ó. Ó ní yàtọ̀ sí ẹ̀ta àti ẹ̀jọ tí ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀, nọ́ńbà funfun méjì ló jáde ketekete láàárín búlúù náà: ẹ̀rin, lẹ́yìn náà èjì.

"Méjìlélógójì," Oníbàtà wí.

"Lé?"

"Lé ni."

Bàbá jókòó. Nígbà tó ṣàlàyé tán, Oníbàtà fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń wá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó mà ṣe o, irọ́ ni ọmọ náà pa, ó tún yí ìwé, ṣé ìwà nìyẹn? Ó ní ó sì lè jẹ́ nítorí àga gíga rẹ̀ ló ṣe ṣe é, nítorí tí ṣọ́ọ̀bù bá tì, oyè akọ̀wé tì nìyẹn. Bàbá ní rárá. Ó ní ìyá ẹ̀ gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ẹ̀ níṣojú òun, bí ẹ̀tàn bá ni, ó yẹ kó ti kígbe sí i nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ kan rèé tí wọ́n ti ń pè é lólódo, òun tí kò ní nǹkan míì tó ń fi yangàn. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu ẹ̀ ni ì bá dá gbogbo ẹ̀ padà, kò sì sọ ọ́. Bí bàbá ṣe ń sọ ọ́ ni omi ń gba abẹ́ gíláàsì rẹ̀ jáde. Ó ní ológbò pàápàá kò sí lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn. Oníbàtà kò bá a jiyàn mọ́, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu bàtà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó kù ni pé bàbá lè dákẹ́. Ẹ má rò pé kò rò ó. Oníbàtà kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́, aṣọ Ọ̀gá sì ti dára, ọmọdé á gbàgbé. Tó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta pé nìyẹn. Ó ti ṣọ́ọ̀bù ní agogo mẹ́ta, èyí tí kò ṣe rí láti ogójì ọdún. Ó kọ́kọ́ gba ilé-ìwé lọ, ó rí Ọ̀gá, ó sọ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe lójú kíláàsì kan náà tó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló gba ilé lọ.

Nọ́ọ̀sì ń lọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, Akọ̀wé, tó bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, sì jókòó sídìí tábìlì níwájú ìwé àmúrelé. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó kí i káàbọ̀. Ó ní òun lòun gé aṣọ náà látinú orí òun. Ó ní òun ò rí ìwé kà. Ó ní ọmọ yìí kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ó sì pa á rẹ́ láti fi bo àṣírí òun.

Ìbínú ru bo ojú Akọ̀wé. Ó ní, "Bàbá, mo ti ní èmi ni. Kí ló dé tí ẹ tún ń sọ ọ́?" Ó bú sẹ́kún.

Ìyá ẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì bi í bí èèyàn ṣe ń béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Tí Bàbá bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀," ọmọ náà wí. "Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n máa ń bá Bàbá Oníbàtà jà. Nílé, wọn kì í sọ̀rọ̀. Ògiri ni wọ́n máa ń wò. Tí wọ́n bá wá wà nílé lójoojúmọ́ ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ. Láti ìgbà tí ìyá tiẹ̀, ìyàwó bàbá, ti kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó ti ń wo ojú bàbá, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá, kò sì gbọ́ pé ilé dákẹ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ó fi í sọ́wọ́ bàbá ẹ̀, ó sì pa ìka rẹ̀ dé. Ó ní sísọ́ọ̀sì ni kí bàbá fún òun. Òun mọ obìnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá nígbà kan, á máa wá gé aṣọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí bàbá máa rán an, nítorí ìka bàbá ṣì mọ́ṣẹ́. Ìwé ìwọ̀n á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bàbá mi orí pé òun gbà.

Ó wá kọjú sí ọmọ ẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n irọ́ ni irọ́ ń jẹ́ o, ìwé tó sì yí padà, ìwé tí àwọn èèyàn gbọ́kàn lé ni. Kó bẹ Bàbá.

Akọ̀wé nu imú, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Bàbá dá a dúró. Ó di apá ẹ̀ méjèèjì mú, ó rọra tẹ eékún àtijọ́ méjèèjì wálẹ̀ títí ojú òun àti ojú ọmọ náà fi dọ́gba.

"Ẹ má kúnlẹ̀," ó wí. "Èmi ló yẹ kí n bẹ̀ yín. Ẹ má bínú."

Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, kó lè mọ àgbàlagbà tí Bàbá ń bá sọ̀rọ̀.